Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra ìpín ara rẹ̀ padà: ṣé owó ìpín pọ́ọ́kú máa ń lọ sókè lóòótọ́?

Ìyá Rámọ́tù (Ouando, Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi tú u kó yé mi.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando, léèsì àti àǹkárá. Nígbà tí mo kó èésú lọ́dún tó kọjá, mi ò fẹ́ kí gbogbo owó náà wọ inú ọjà tán, torí aṣọ tó wà lórí pẹpẹ kì í ṣe owó títí ẹnì kan á fi rà á. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston ní òun lè bá mi fi díẹ̀ ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Mo fún un ní 600,000 sẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tó mú ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ omi mọ́, mi ò ní dárúkọ wọn níbí. Sẹ́ǹtì 44 ló ra ìpín kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ló ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bọ́ sí sẹ́ǹtì 29.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí WhatsApp, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti kéde pé àwọn fẹ́ ra ìpín ara wọn padà lọ́wọ́ àwọn tó ní in, títí dé mílíọ̀nù 3 dọ́là. Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn jáde, ìpín fò dé sẹ́ǹtì 38. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti padà sí 31. Ó ní èyí gan-an ni àkókò tó yẹ, kí n fi 400,000 sẹ́fà kún un kó tó gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń ra ìpín ara rẹ̀, ṣé ó ń gbé owó ìpín sókè, kó sì dúró sókè níbẹ̀? Àti èkejì, èyí tó ń gbé mi lọ́kàn jù: bí wọ́n bá ní mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́wọ́, kí ló dé tí wọn ò fi ra ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n san gbèsè? Owó ilé ẹ̀kọ́ Rámọ́tù wà nínú owó yìí, ẹ má bínú pé mo béèrè púpọ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ìròyìn rere ni. Bí ìpín bá dín kù lóde, èrè tí ilé-iṣẹ́ bá jẹ á pín sí ọ̀nà tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ti ẹni tó bá dúró á wá pọ̀ sí i. Bákan náà, bí ilé-iṣẹ́ bá wọ ọjà tó ń rà, òǹrajà pọ̀ sí i nìyẹn, owó á sì gòkè. Ẹ wo Apple. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn á tún fi bílíọ̀nù 110 dọ́là ra ìpín ara wọn. Ta ló ní Apple tó ń ké lónìí? Ní tèmi, ó dáa kí ẹ fi kún un.

Oníṣirò Kétu

Ìyá Rámọ́tù, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kétu ni mo ti wá, Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ìwé ìṣirò owó àwọn ilé-iṣẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ Ṣábẹ̀, o ṣeun tó o tètè dá màmá lóhùn, àmọ́ Apple jìnnà sí ohun tí wọ́n ń béèrè. Owó tó ń wọlé fún Apple ju èyí tó nílò lọ, ohun tó ṣẹ́ kù ló fi ń ra ìpín. Ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ ń tà ní sẹ́ǹtì 31, ọ̀pọ̀ irú wọn ni ò tíì jèrè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀.

Màmá, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìpín mílíọ̀nù 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tà ní sẹ́ǹtì 30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3 dọ́là. Wọ́n mú 300,000 dọ́là nínú owó tó wà ní báńkì, wọ́n fi ra ìpín mílíọ̀nù kan padà. Ìpín tó kù lóde di mílíọ̀nù 9. Ṣùgbọ́n 300,000 dọ́là náà ti jáde, kò sí ní báńkì mọ́, nítorí náà ohun tí ilé-iṣẹ́ jẹ́ ti di 2,700,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù 9. Sẹ́ǹtì 30 náà ni! Àwọn tó ń pariwo ìròyìn yìí ń ka ìpín tó dín kù, wọn kì í ka owó tó jáde.

Ìyàtọ̀ máa ń wà bí iye tí ọjà ń pè é bá yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ gan-an. Ká ní ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹn ní tó sẹ́ǹtì 50 lórí ìpín kan, ọjà ni ò tíì mọ̀. Mílíọ̀nù 5 ni gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ 300,000 kúrò, ẹ pín 4,700,000 tó kù sí mílíọ̀nù 9, ó lé ní sẹ́ǹtì 52. Ẹni tó dúró jèrè, ẹni tó tà ló pàdánù. Ká tún wá ní sẹ́ǹtì 10 péré ló jẹ́ gan-an, mílíọ̀nù kan dọ́là lápapọ̀. Ẹ yọ 300,000, ẹ pín 700,000 sí mílíọ̀nù 9, kò tó sẹ́ǹtì 8. Ẹni tó tà ti gba sẹ́ǹtì 30 lọ, ẹni tó dúró ni wọ́n fi owó rẹ̀ san án. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ríra padà dára tàbí kò dára, ẹ bi í pé ilé-iṣẹ́ wo, tó ń rà á ní iye wo, tó sì ń fi owó wo rà á.

Ọ̀rọ̀ ìkéde wá kù. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tí àwọn olùdarí bá fọwọ́ sí i pé àwọn lè rà dé mílíọ̀nù 3, kò sí òfin ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ ní kí àbúrò yín ka ìkéde yẹn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé àwọn lè dá a dúró nígbàkígbà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n fẹ́ rà á lóòótọ́. SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó ọjà ìpín lọ́hùn-ún, gbé ìlànà kan jáde ní 1982, Rule 10b-18 ni wọ́n ń pè é. Wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ńṣe ló ń fi ríra yẹn yí owó ìpín po, ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹjọ́rò wọn fi máa ń rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Alágbàtà kan ni kí wọ́n lò lóòjọ́. Wọn ò gbọdọ̀ san ju iye tó ga jù tí ẹlòmíràn ti ní òun á san, tàbí iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rà nígbà tí ọjà bá ṣí. Fún ìpín tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tà, kí wọ́n jìnnà sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá sì rà lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó máa ń tà lóòjọ́, àyàfi ìdì ńlá kan tí wọ́n lè rà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò èyí. Gbogbo ìlànà yìí, kí ilé-iṣẹ́ má bàa fa owó ìpín ara rẹ̀ sókè ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí àbúrò yín ń retí gan-an ni ìlànà yìí ní kí wọ́n má ṣe.

Ẹ gbé e lé ti yín wò. Ká ní ìpín 40,000 ló ń tà níbẹ̀ lójúmọ́. Ìdá 25 jẹ́ 10,000. Ní sẹ́ǹtì 31, owó tí wọ́n á ná lójúmọ́ jẹ́ 3,100 dọ́là. Kí wọ́n tó ná mílíọ̀nù 3 tán lọ́nà bẹ́ẹ̀, yóò sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Kí ló wá gbé e dé 38 lọ́jọ́ kan? Àwọn tó gbọ́ ìròyìn ni, wọ́n ya wọ ọjà tí òǹtajà ò pọ̀ nínú rẹ̀. Owó ilé-iṣẹ́ ò tíì débẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn tó ń sáré wọlé tán, ó padà sí àyè rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé kì í ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Ikenberry, Lakonishok àti Vermaelen, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1995 lórí àwọn ìkéde tó wáyé láàárín 1980 sí 1990. Láàárín ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìkéde, ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí èrè yẹn ti wá ló yẹ ká wò. Àwọn tí ọjà ń ta ìpín wọn ní pọ́ọ́kú nígbà tí dúkìá gidi wà nínú ìwé wọn ni tiwọn dé ìdá 45.3. Àwọn tí òkìkí wọn ju ohun ìní wọn lọ kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Pé nǹkan wọ́n kò ní kó má jẹ́ ojúlówó, pé ó pọ́ọ́kú kò sì sọ ọ́ di ojúlówó.

Ìbéèrè kejì yín, màmá, ìbéèrè ọlọ́jà tòótọ́ ni, inú mi dùn sí i. Ẹ wo Bed Bath & Beyond, ilé ìtajà ohun èlò ilé ní Amẹ́ríkà. Láti 2004, owó tí wọ́n fi ra ìpín ara wọn lé ní bílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 wọ́n lọ sí kóòtù, wọ́n ní apá àwọn ò ká gbèsè mọ́, gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 5. Nígbà yẹn, ìpín wọn ò tó dọ́là kan mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fagi lé gbogbo ìpín, ẹni tó ní in ò rí nǹkan kan gbà. Ká ní ìlàjì owó yẹn wà ní báńkì ni! Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kọ́ ló dìbò pé kí wọ́n ra ìpín.

Ohun tí ẹ máa ní kí àbúrò yín ṣe nìyí. Kó lọ sí ìkànnì SEC tó ń jẹ́ EDGAR, ọ̀fẹ́ ni. Kó wá ìwé tí ilé-iṣẹ́ ń kó sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, 10-Q. Ojú ìwé àkọ́kọ́ máa ń sọ iye ìpín tó wà lóde. Kó fi ti ọdún yìí wé ti ọdún tó kọjá. Kó wo owó tó wà ní báńkì. Kó wo gbèsè tó ṣeé yí padà di ìpín. Kó sì wá tábìlì kékeré kan ní apá kejì ìwé náà, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ to ohun tí wọ́n rà padà ní oṣù kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n san. Ẹ padà wá sọ ohun tó rí fún wa.

Bàbá Sùléè (Ìgólò)

Àsàlámù àlékùm. Oníṣirò, ẹ ṣé, ẹ là á yé èèyàn. Èmi ò mọ̀ ju pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà lọ, àmọ́ mo fẹ́ béèrè: ṣé kò sí ìpín pọ́ọ́kú nílẹ̀ tiwa níbí? Ọmọ mi kan ní ìpín Ecobank kò tó owó búrẹ́dì kan. Ṣé irú ìyẹn náà léwu báyìí?

Oníṣirò Kétu

Wàálékùm sàlámù, Bàbá. Ọjà ìpín tiwa ni BRVM, Abidjan ló wà, láti 1998 ló ti ń ná, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà kan náà ló jọ ni ín, Benin wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìpín Ecobank Transnational ń tà níbẹ̀ ní ẹ̀wá sẹ́fà mélòó kan. Àmọ́ ìpín rẹ̀ tó wà lóde lé ní bílíọ̀nù 24. Ẹ fi èyí lọ́po ẹ̀wá sẹ́fà mélòó kan yẹn, owó ńlá ni, fún báńkì tó wà ní orílẹ̀-èdè tó ju ọgbọ̀n lọ ní Áfíríkà. Iye orí ìpín kan ò sọ nǹkan kan fún yín àyàfi tí ẹ bá mọ iye ìpín tó wà. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí òfin ń pè ní ìpín pọ́ọ́kú ni èyí tí kò tó dọ́là 5, tí kò sì sí nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Bí a bá fi owó orí ìpín nìkan wò ó, ọ̀pọ̀ ìpín ní BRVM á fara jọ ọ́.

Ohun méjì tó yàtọ̀ níbí. Ìkíní, ìpín BRVM kò lè gòkè tàbí wálẹ̀ ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, nítorí náà irú fífò láti 29 sí 38 lọ́jọ́ kan yẹn ò lè ṣẹlẹ̀. Ìkejì, òfin OHADA tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ wa kò fi gbogbo ara fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa ra ìpín ara rẹ̀. Ó kà á léèwọ̀ ní gbogbogbòò, ó wá ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi òté lé e pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ara rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, òfin ilé-iṣẹ́ tuntun ti 2020 fàyè gbà á. Dangote Cement ló lò ó ní ìparí ọdún yẹn, wọ́n ra ìpín mílíọ̀nù 40.2. Ẹ gbọ́ bó ṣe pọ̀ létí! Ìdá 0.24 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni nínú gbogbo ìpín wọn.

Ìyá Rámọ́tù (Ouando, Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìdúró o. Mo ní kí àbúrò mi ṣí ìwé náà níwájú mi lórí fídíò, Rámọ́tù jókòó tì mí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé gbèsè tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà. Ohun tó kọ nìyí.

Ìpín tó wà lóde lọ́dún tó kọjá: mílíọ̀nù 41. Ìpín tó wà lóde báyìí: mílíọ̀nù 68.

Owó tó wà ní báńkì: 1,900,000 dọ́là.

Ẹ dákun, ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ní 1,900,000 ló ń kéde pé òun fẹ́ fi mílíọ̀nù 3 ra nǹkan. Mo ní kí àbúrò mi tún un kà, bóyá òǹkà kan ti fò ó. Kò fò ó.

A tún rí tábìlì tí Oníṣirò sọ. Wọ́n ti kéde irú èyí rí, ní ọdún méjì sẹ́yìn, mílíọ̀nù kan dọ́là nígbà yẹn. Oṣù mẹ́ta tó wà nínú tábìlì náà, òdo, òdo, òdo. A ṣí ti ìṣáájú, òdo náà ni. A ṣí gbogbo èyí tó wà láti ìgbà yẹn, wọn ò ra ẹyọ kan.

Lórí gbèsè, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó yá wọn lówó lè gba ìpín dípò owó, ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìpín bá ń tà lọ́jà nígbà náà. Ìyẹn ni ò yé mi dáadáa.

Ìṣirò yín ti yé mi o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì jọ dá ọjà sílẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí ọ̀kan fẹ́ kúrò, inú àpótí ọjà la ti mú owó san án. Àwa méjì tó kù, ìpín wa fẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ àpótí ti fúyẹ́. Bí ọjà wa bá ń tà, à á jèrè níbẹ̀. Bí kò bá tà, ẹni tó lọ ló gbọ́n jù.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ fi òǹkà hàn wá. Oníṣirò, ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà fún yín lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: èrè wo ló wà níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí kò lówó láti kéde ohun tí kò ní ṣe?

Oníṣirò Kétu

Ìbéèrè tó dáa ni, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀ látorí gbèsè tí màmá ní kò yé àwọn, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ wà.

Ká ní ìpín ń tà ní sẹ́ǹtì 30. Ẹni tó yá wọn lówó á gbà á ní sẹ́ǹtì 21 dípò gbèsè rẹ̀, á sì tà á lójú ẹsẹ̀. Kò nílò kí ilé-iṣẹ́ jèrè. Kò nílò kó wà ní ọdún tó ń bọ̀ pàápàá. Ohun tó nílò ò ju kí òǹrajà wà lọ́jà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà. Bó bá sì ṣe ń tà, owó ń wálẹ̀. Bí owó bá wálẹ̀, ìpín tó máa gbà fún gbèsè tó kù á pọ̀ sí i. Láti 41 sí 68 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú mílíọ̀nù 27 tó wọlé yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà yìí ló gbà wá. Ẹ ní kí àbúrò yín wò ó nínú àlàyé tó wà lẹ́yìn òǹkà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ìròyìn tó máa kó òǹrajà jọ. Kò sí ìròyìn tó rọrùn tó "a fẹ́ ra ìpín wa padà". Ìwé kan ni wọ́n máa tẹ̀ jáde, wọn ò ní ná sẹ́ǹtì kan.

Ìdí mìíràn wà bó bá jẹ́ Nasdaq, ọjà ìpín ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń tà á. Níbẹ̀, ìpín tí kò bá tó dọ́là 1 fún ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ léraléra, wọ́n á kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á fún un ní 180 ọjọ́ kó tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè lé e kúrò lọ́jà. Àwọn kan á gbìyànjú ìkéde kọ́kọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á pa ìpín mẹ́wàá tàbí ogún pọ̀ di ẹyọ kan. Màmá, bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ rí i pé ìpín yín ti di dọ́là 3 láti sẹ́ǹtì 30, ẹ ka iye tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó yọ̀. Á ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ńkọ́? Bí wọ́n bá rà tàbí tà lára ìpín tiwọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, Form 4 ni wọ́n ń pè é, EDGAR kan náà ló wà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà ní sẹ́ǹtì 38. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń tà nígbà tí wọ́n ń sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ ń rà, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ọmọ Ṣábẹ̀, kó o má bàa rò pé mo kórìíra gbogbo rẹ̀: ìpín kékeré kan tí mo bá rí tí owó tó wà ní báńkì rẹ̀ ju gbèsè rẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú owó wọlé láìyá, tí iye ìpín orí ojú ìwé àkọ́kọ́ ń dín kù láti oṣù mẹ́ta dé oṣù mẹ́ta, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi owó ara wọn rà, mo máa jókòó tì í, mo máa kà á dé ìparí. Irú wọn wà, wọn ò pọ̀. Ìkéde wọn kì í sábà pariwo, torí ẹni tó fẹ́ rà á ní pọ́ọ́kú kì í fẹ́ kó wọ́n kí òun tó rà á tán.

Bàbá Sùléè (Ìgólò)

Iye ìpín tó ń lọ sókè tí wọ́n ń pè ní ríra padà. Mo ti gbọ́. Ìyá Rámọ́tù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn tẹ̀ síwájú nínú ìwé rẹ̀, ó mọ ìṣirò.

Ìyá Rámọ́tù (Ouando, Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá, ó gbọ́ o, ó ń rẹ́rìn-ín. Oníṣirò, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Ọmọ Ṣábẹ̀, mi ò bínú rárá, ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀.

A wo Form 4. Ọ̀gá tó ń mójú tó owó níbẹ̀ ta ìpín 150,000 lọ́jọ́ kejì ìkéde. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló kà á jáde, ó ní òun ò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ọmọ dáadáa ni, ó ń wá ire fún mi ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

400,000 sẹ́fà ò lọ sí Houston mọ́. 250,000 lára rẹ̀ ni mo san fún ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí, ìyókù wà ní báńkì. Ìlàjì ìpín tó wà nílẹ̀, mo ní kó gbé e sọ́jà ní sẹ́ǹtì 31, kó má sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójijì torí Oníṣirò ní òǹrajà ò pọ̀. Ìlàjì tó kù, a ó dúró de ìwé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ la ó kọ́kọ́ wò. Bí iye náà bá tún lé ní mílíọ̀nù 68, tí òdo sì wà nínú tábìlì, kó tà á lọ́jọ́ yẹn gan-an ní iyekíye tí wọ́n bá pè é.